Orin Kan, Ohùn Mẹ́rin

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣábẹ̀, orin kan wà tí gbogbo àdúgbò wa mọ̀ ní ohùn mẹ́rin. Orin òkèèrè ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ kọ ọ́, láyé ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ olórin wọn ń tó ogún ènìyàn lórí ìjókòó, tí fèrè idẹ ń ké níwájú, tí àwọn fèrè yòókù ń dáhùn lẹ́yìn, tí ẹnì kan ṣoṣo á wá dìde láàrin wọn kọrin. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìwé yìí lè má tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ohun tí orin náà ń sọ kò ju báyìí lọ: ẹnì kan wà lójú ọ̀nà, ilẹ̀ ti ṣú bá a, ó ń bẹ àwọn ará ilé pé kí wọ́n má tíì pa fìtílà, òun ń bọ̀.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ ìjàǹbá, mo ti bi ọ̀pọ̀ ènìyàn pé, "Níbo lẹ wà? Kí lẹ fi ojú ara yín rí?" Nínú ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò fún yín yìí, èmi gan-an ni ẹlẹ́rìí. Èmi náà ni mo sì purọ́.

Ilé wa kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti lọ tán, wọ́n á bọ́ aṣọ iṣẹ́, wọ́n á kó àwọn olórin wọn jọ sẹ́yìn ilé, nítorí pé àwọn ni olórí ọkẹ́sítà ìlú. Aládùúgbò wa kan, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Sójà, ló ń fọn fèrè idẹ fún wọn. Bàbá Sójà ti bá àwọn Faransé jagun lókè òkun. Ohun mẹ́ta ni wọ́n kó bọ̀: ẹsẹ̀ kan tí kò ṣeé fi tẹlẹ̀ dáadáa, fèrè yẹn, àti ẹ̀rọ àwo orin kan tí ń lo píìlì, irú píìlì tí à ń kì sínú tọ́ọ̀ṣì. Nínú àwọn àwo tí wọ́n ní, méjì wà tí orin kan náà wà lára wọn. Ọkùnrin òyìnbó ló kọ ọ̀kan, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ló kọ ìkejì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, àwọn tó ti míísà dé, àwọn tó ń dúró de ìrun, àti àwọn tí kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, gbogbo wọn á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò Bàbá Sójà. Wọ́n á ní kí Bàbá Sójà fi àwo méjèèjì sí i tẹ̀ léra. Kí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì tó parí, àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

"Òyìnbó yìí ti jẹun yó kó tó kọrin," ni télọ̀ kan máa ń wí. "Kò sí ojú ọ̀nà kankan tó wà. Ilé ló jókòó sí, ó na ẹsẹ̀ sórí àga."

"Ìwọ tí o kò gbọ́ èdè wọn!"

"Ṣé ohùn ló nílò ògbufọ̀? Ẹ fi ti obìnrin yẹn sí i. Ẹ gbọ́ ọ? Ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó ti fi ẹsẹ̀ rìn láti Bóní."

"Ó dára, sọ fún un kó wá ra bàtà lọ́wọ́ mi," ni ẹnì kan tó ń ta bàtà wí.

Ẹ̀rín á ta. Bàbá Sójà á ní kí wọ́n dákẹ́, píìlì ò pọ̀.

Bàbá mi ló yí orin náà sí èdè wa. Àbúrò wọn obìnrin, tí mò ń pè ní Tàntí, ni wọ́n ní kó kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú bí mo bá ń pè é ní "ó." Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tó fi kú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, tí a bá pàdé lónìí, òun ni yóò kúnlẹ̀ kí mi. Àbígbẹ̀yìn Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ni. Ìyá Àgbà bí i nígbà tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn ti ń gbé ọmọ ọmọ pọ̀n. Bí ó bá ń fọ aṣọ, orin ni. Bí ó bá ń gún iṣu, orin ni, á sì jẹ́ kí ọmọ odó máa bọ́ sí àárín ọ̀rọ̀. Inú yàrá ìyá rẹ̀ ló ń sùn, èmi náà ń sùn síbẹ̀, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan náà ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń jí.

Àwọn ọkẹ́sítà wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kútọnu, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sínú àwo. Wọn kò mú mi lọ, mo sì sunkún títí ọkọ̀ fi wọ ẹ̀yìn òkè. Nígbà tí wọ́n dé, Tàntí fi àwo kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Tìẹ nìyí. Má fi bo ìkòkò o."

A gbọ́ ọ lábẹ́ igi máńgòrò. Télọ̀ yẹn jẹ́ kó parí ná. Ó wá ní, "Òyìnbó kò jáde nílé rí. Obìnrin òkèèrè yẹn ṣì wà lọ́nà. Tiwa yìí ti rí iná fìtílà náà lókèèrè."  Ìyá Àgbà ní kí wọ́n tún un fi sí i.

Ní oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, ibà mú Tàntí. Ní ọjọ́ kẹrin, ó kú.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ṣábẹ̀ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ń kà mí. Ẹni tó bá kú tí ìyá rẹ̀ wà láàyè, òkú ọ̀fọ̀ ni. A kì í ṣe òkú rẹ̀. Wọ́n á yára gbé e lọ, ìyá rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n á kó gbogbo ohun tó jẹ́ tirẹ̀ jáde, kí ojú ìyá má baà bọ́ sí i: aṣọ, bàtà, ìlẹ̀kẹ̀, àwòrán, títí dé ṣíbí tó fi ń jẹun. Bàbá mi ni àgbà ilé, àwọn ni wọ́n dúró tì í. Wọ́n kó àwọn àwo náà mọ́ ọn. Wọ́n tún lọ láti ilé dé ilé lọ́dọ̀ àwọn tó ti rà á, wọ́n gbà á padà, títí kan ti Bàbá Sójà.

Ìyá Àgbà di aṣọ bàbá mi mú. "Ẹ fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ẹ kó yòókù."

Bàbá mi ní, "Ohùn náà gan-an ni kò gbọdọ̀ gbé inú ilé pẹ̀lú yín, Ìyá. Yóò máa pè yín."

Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn.

Tèmi ń bẹ lábẹ́ ẹní mi. Nígbà tí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í tú yàrá, mo fi í sínú aṣọ mi, mo bọ́ síta. Mo ń bẹ̀rù láti gbé ohun òkú sùn, ọkàn mi kò sì gbà kí n jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo wá gun àkàbà àká àgbàdo, mo tì í sí àárín igi òrùlé àti páànù. Lójú ọmọdé mi, ibẹ̀ kò sí nínú ilé, kò sì sí níta. Mo rò pé mo gbọ́n. Oṣù kẹta ni mo wí fún yín o. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan páànù Ṣábẹ̀ ní ọ̀sán oṣù kẹta, tí àwọn òkè ń tú ooru sí wa lára láti ẹ̀yìn, mọ ohun tí mo ṣe.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọkẹ́sítà wá akọrin mìíràn. Ọmọbìnrin kan láti Kaboua ni. Wọ́n mú un lọ sí Kútọnu, ó kọ orin náà, wọ́n sì gbé àwo tuntun dé. Ohùn kẹrin nìyẹn. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri. Ní ọjọ́ kan tí bàbá mi wà níbi iṣẹ́, wọ́n dìde, wọ́n dì mọ́ èjìká mi, a lọ sọ́dọ̀ Bàbá Sójà.

"Ẹ bá mi fi ti ọmọ tuntun yẹn sí i."

Wọ́n gbọ́ ọ tán. "Ohùn rẹ̀ dára. Kì í ṣe òun. Ẹ fi ti obìnrin òkèèrè yẹn sí i."

Wọ́n gbọ́ ìyẹn náà. "Èyí mọ ohun tó ń wá. Kì í ṣe òun." Wọ́n tilẹ̀ ní kí wọ́n fi ti òyìnbó sí i. Bí ẹni tó dúró létí ojú irin ni wọ́n ṣe ń gbọ́ wọn, tí ń wo ojú àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọkọ̀ á fi lọ tán. Wọ́n padà lọ ní ọjọ́ kejì. Wọ́n lọ ní ọjọ́ kẹta. Ní ọjọ́ kẹrin, n kò lè gbà á mọ́ra mọ́. Mo sọ sí wọn létí pé, "Ìyá, tèmi wà."

Mo gun àkàbà, mo fa àwo náà yọ. Mo rí i pé etí rẹ̀ ti ká sókè níhìn-ín, ó ti sọ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ewé tí ooru iná kàn. Mo ní kò ní ṣe nǹkan. Mo fi aṣọ nù ún, mo sì gbé e lọ.

Bàbá Sójà wò ó, wọ́n wò mí. Wọ́n fi í sórí ẹ̀rọ. Abẹ́rẹ́ náà ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Fèrè dé, ó ń wú, ó ń fà. Lẹ́yìn náà ni Tàntí bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan láyé, n kò tíì gbọ́ irú ìyẹn mọ́. Ohùn náà ń gbọ̀n. Ó ń rì, ó ń yọ, ó ń rì, bí ẹni tí odò ń gbé lọ tó ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀. "Ẹ má pa fìtílà, mo ń bọ̀ lọ́nà." Bàbá Sójà na ọwọ́ láti dá a dúró. Ìyá Àgbà di ọwọ́ náà mú. A gbọ́ ọ dé ibi tí abẹ́rẹ́ ti fò kúrò.

"Ó ń sunkún," ni Ìyá Àgbà wí.

"Rárá, Ìyá," ni Bàbá Sójà dáhùn. "Àwo ló tẹ̀." Wọ́n wá kọjú sí mi. "Níbo lo tọ́jú rẹ̀ sí?"

Mo rántí pé bàbá mi kọ̀ fún wa láti gun àká. Mo rántí pé wọ́n ní kí a kó gbogbo rẹ̀. Mo rántí pé Tàntí fi í lé mi lọ́wọ́, èmi ni mo sì bà á jẹ́. Mo ní, "Inú àpótí aṣọ mi ni. Lábẹ́ pátápátá. N kò fọwọ́ kàn án."

"Inú àpótí? Nǹkan kan kò tẹ̀ ẹ́?"

"Nǹkan kan kò tẹ̀ ẹ́."

Ìyá Àgbà gbé àwo náà sórí itan, wọ́n ń fi ọwọ́ tọ ibi tó ti ká. Wọ́n ní, "Ẹ gbọ́. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ni ín ló tẹ̀ ẹ́."

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tí a lè sọ fún wọn. Wọ́n gbà pé ọmọ wọn ń jìyà níbi tó wà, pé a kò sin ín dáadáa, pé ó ń wá ọ̀nà ilé kò rí i. Wọ́n bẹ fádà kí ó ṣe míísà. Wọ́n bẹ àáfà kí ó ṣe àdúà. Wọ́n gbé ẹ̀kọ lọ sí ẹsẹ̀ òkè fún àwọn tó ni ibẹ̀. Ní alẹ́, fìtílà wọn kì í kú. Bí epo bá tán, wọ́n á jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n ní kí bàbá mi mú wọn lọ sí ibi tí wọ́n sin ín sí. Bàbá mi kọ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ lo gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Wò ó bí ó ṣe wá ń sọ̀rọ̀." Bàbá mi wọ yàrá, wọ́n mú àwo náà, wọ́n sì fi orúnkún ṣẹ́ ẹ sí méjì. Èmi nìkan ni mo rí ojú wọn nígbà tí wọ́n jáde.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Ìyá Àgbà tún bi mí. Ọ̀sán ni. Wọ́n ti rù, ẹní ni wọ́n dùbúlẹ̀ sí, mò ń fún wọn ní omi mu.

"Inú àpótí lo fi í sí, àbí, ìyá mi?"

Ẹ rí i, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún mi. N kò mọ̀ títí dòní bóyá wọ́n fura. Mo ní, "Inú àpótí ni, Ìyá."

Wọ́n ní, "Ó dára." Wọ́n dá ife padà fún mi. Kí iṣu ọdún náà tó wọlé, wọ́n ti kú. Wọ́n sin wọ́n sínú yàrá wọn gan-an, bí a ti ń sin àgbà, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ẹ.

Mo dàgbà. Mo di oníròyìn. Nígbà kan tí mo wá sílé, Bàbá Sójà ti di arúgbó, ojú wọn ti lọ. Mo jókòó tì wọ́n, mo gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń gba ohùn kalẹ̀ bí iṣẹ́ mi ti kọ́ mi, mo bi wọ́n nípa àwo náà. Ọ̀rọ̀ wọn nìyí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́:

"Mo mọ̀ pé ooru ni. Mo ti rí àwo tó tẹ̀ nínú ọkọ̀ wa lójú ogun, ibi tí oòrùn wà ju tibí lọ. Erùpẹ̀ páànù ṣì wà lára tìẹ. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́, mo sọ ìwọ di òpùrọ́ lójú Ìyá Àgbà, lórí ohùn òkú. Mo ní ọmọ yìí yóò sọ ọ́ lọ́la. Mo ń dúró dè ọ́. Ìyá fúnra wọn ò sì gbà á lẹ́nu mi. Ẹnu rẹ ni wọ́n á ti gbà á."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò pè mí sẹ́yìn ilé. Wọ́n ní, "Ìwọ náà mọ ọ̀nà ilé mi."

Ní ọdún tó kọjá, mo lọ sí Kaboua lọ wá akọrin kẹrin. Ó ti di ìyá arúgbó, ó ń to ẹ̀gẹ́ sá lójú oòrùn. Nígbà tí mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, ó wọlé, ó sì gbé ìdì aṣọ kan jáde. Àwo Tàntí ni. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi inú àwokòtò.

"Bàbá yín ló fún mi," ó ní. "Wọ́n ní kí n fi kọ́ orin náà. Wọ́n ní bí mo bá jẹ́ kí ìyá àwọn mọ̀, àwọn yóò lé mi nínú ọkẹ́sítà. Mo fẹ́ dá a padà lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n pa á mọ́. Wọ́n máa ń wá síbí, ẹ mọ̀. Wọ́n á jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yìí. Wọ́n á ní kí n fi í sí i. Bí ó bá parí, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ wọn lọ."

Èyí ni n kò mọ̀ nípa bàbá mi títí wọ́n fi kú.

Mo bi í pé ta ló kọ ọ́ dára jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó rẹ́rìn-ín. "Tèmi ni ẹ̀kẹrin. Lẹ́tà ẹlòmíràn ni mò ń kà. Ẹ gbọ́ fúnra yín."

Ọmọ ọmọ rẹ̀ ti kó o sínú fóònù, ó sì fi ránṣẹ́ sí tèmi. Mo gbọ́ ọ. Kò sí ẹkún kankan nínú rẹ̀. Ohùn náà dúró ṣánṣán, ó ń gun fèrè lórí bí ọmọdé ṣe ń gun ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Télọ̀ yẹn sọ òtítọ́: ó ti rí fìtílà. Nígbà tí orin parí, ohun kan wà ní ìparí rẹ̀ tí mo ti gbàgbé, tí abẹ́rẹ́ kò dé lọ́jọ́ yẹn nítorí pé ó ti fò. Tàntí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Sójà, ẹ fẹ́ fọn mí létí já ni?"

Ẹ̀rín ni ìyá rẹ̀ ì bá gbọ́ kẹ́yìn.

Ayé ti yí. Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ohùn òkú yín ń bá yín gbé nínú àpò. Láìpẹ́ yìí ní àdúgbò Adido, mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀, tó gbé fóònù sétí, tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ìyá náà fi ránṣẹ́ sí i kó tó kú: "Má gbàgbé iyọ̀ o." Ó ń gbọ́ ọ léraléra. Àwọn àgbà wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. N kò lè búra pé èyí dára ju tiwa lọ. Bóyá ohùn náà ń pè é, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ti bẹ̀rù. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí ẹni tó máa sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ń sunkún.

Nígbà tí mo ti Kaboua dé, mo ní kí wọ́n ṣí yàrá Ìyá Àgbà fún mi. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń kó síbẹ̀ báyìí. Mo ti àpò méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo jókòó sórí sìmẹ́ńtì náà, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jẹ́ kó kọrin dé ìparí, títí dé ẹ̀rín yẹn. Mo wá sọ gbólóhùn tí mo jẹ wọ́n ní gbèsè láti ọmọdé.

"Abẹ́ páànù ni mo fi í sí, Ìyá. Ooru ni."

Lókè orí mi, páànù ń ta páú, páú, nínú oòrùn ọ̀sán.